Ẹmu Àná Kì í Ṣe Ohun Ìdànù

Ètò Ìlera àti Ọjà: ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí rédíò, tí a sì kọ sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ olùgbọ́

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́ ní Bobè, mo kí yín. Ẹ̀yin ti Pira, Agoua, Gouka, Akpassi àti Bantè, a kí yín o. Ẹ̀yin ará Savalou, Tchetti àti Doumè, ẹ kú ìjókòó. Kí ẹni tó mọ̀wé kọ láàárín yín mú bíírò àti ìwé, torí a máa dárúkọ ìwọ̀n díẹ̀ lónìí. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó fi etí kó o. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni, kò le.

Ìbéèrè kan ló bí ọ̀rọ̀ tòní. Ìyá kan tó ń ta ẹmu ló bi mí lójú ọjà. Ó ní: "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Kèrègbè mẹ́ta ni mo máa ń gbà lọ́wọ́ adẹ́mu láàárọ̀. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ọ̀kan lè ṣẹ́kù pátá. Tó bá di ọjọ́ kejì, àwọn tó ń mu ún á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní ó ti kan. Ẹ̀yìn ilé ni mo ń dà á sí. Owó mi ni mo ń dà sílẹ̀ yẹn. Ṣé kò sí ohun tí mo lè fi ṣe nínú oúnjẹ ni?"

Ìyá, ẹ ṣé tí ẹ bi mí. Ó wà. Bí ẹmu bá kan, agbè ò tíì fọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó fi ẹmu sínú oúnjẹ. Èkíní, ẹ mọ ọjọ́ orí ẹmu náà, torí ohun tí ẹmu òwúrọ̀ lè ṣe, ẹmu ọjọ́ mẹ́ta ò lè ṣe é. Èkejì, ẹ mọ ẹni tó máa jẹ oúnjẹ náà. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé méjì yìí.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ AGBÈ

Bí omi ọ̀pẹ bá ń kán sínú agbè adẹ́mu, omi adùn lásán ni. Ṣúgà tó wà nínú lítà kan rẹ̀ lè tó 100 gíráàmù. Kò tíì di ọtí nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké kan wà lára agbè àti nínú afẹ́fẹ́, ojú wa ò lè rí wọn. Ìwúkàrà ni wọ́n. Irú wọn náà ló ń mú kí búrẹ́dì wú. Wọ́n á wọ inú omi adùn náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, ọtí ni wọ́n ń fi sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ẹmu máa hó, kó máa yọ ìfófó funfun. Kò ní pẹ́ rárá: ẹmu tí a gbé sọ̀ láàárọ̀ ti di ọtí gidi kó tó di alẹ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, nínú ìdá 100 rẹ̀, ọtí lè tó ìdá márùn-ún.

Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Lẹ́yìn tí ìwúkàrà bá ti jẹ ṣúgà tán, àwọn kòkòrò àìrí mìíràn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọtí ni àwọn yẹn ń sọ di ohun kíkan, wọn ò sì lè ṣe é láìsí afẹ́fẹ́. Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ló ṣàlàyé iṣẹ́ wọn yékéyéké láàárín ọdún 1860 sí 1870. Àmọ́ àwọn ìyá wa ti mọ èso rẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ èdè Faransé níléèwé, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "vinaigre" tí ẹ ń rà nínú ìgò. "Vin" ni ọtí, "aigre" ni kíkan. Ọtí kíkan náà ni! Ohun tí ẹ ń dà sẹ́yìn ilé lọ́fẹ̀ẹ́, òun lẹ tún ń lọ fowó rà ní ṣọ́ọ̀bù.

Nítorí náà, ọjọ́ orí mẹ́ta ni ẹmu tó ṣẹ́kù ní. Ẹmu tó ṣì ń hó: ìwúkàrà ni. Ẹmu àná tó ti le, tó sì ti ń kan díẹ̀: omi ìse ẹran ni. Ẹmu tó ti kan débi tí ẹnu ò lè gbà á: ẹ jẹ́ kó kan parí, kó di ọtí kíkan.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ gbọ́ èyí o. Ẹmu tó ṣẹ́kù nínú kèrègbè tàbí ìkòkò ni mò ń sọ, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu kàn. Èyí tó ṣẹ́kù nínú igbá tí èèyàn mẹ́rin ti mu, ẹ dà á nù. Itọ́ ọlọ́tí kì í ṣe èròjà ọbẹ̀.

ẸMU TÓ ṢÌ Ń HÓ: ÌWÚKÀRÀ

Kí ìwúkàrà inú páálí tó dé ọjà wa, ẹmu ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìhà etí òkun wa yìí fi ń mú ìyẹ̀fun wú. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ìsàlẹ̀ kèrègbè ni agbára rẹ̀ wà, nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó sùn síbẹ̀. Ìwúkàrà ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àkàrà oníyẹ̀fun tí àwọn ọmọ wa ń rà lójú ọ̀nà iléèwé, èyí tí wọ́n ń pè ní botokoin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀:

Ìyẹ̀fun àlìkámà, ìdajì kílò.
Ẹmu tó ṣì ń hó, pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, ìdajì ife.
Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ife kan.
Ṣúgà, síbí ìjẹun mẹ́rin.
Iyọ̀, ìdajì síbí kékeré.

Ẹ fi asẹ́ jọ ẹmu náà kí eṣinṣin àti pàǹtí má bàa wọlé. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ da ṣúgà sí i. Ẹ má lo omi gbígbóná o. Omi gbígbóná á pa ìwúkàrà, àkàrà yín á sì le bí òkúta. Ẹ dà á sórí ìyẹ̀fun, ẹ lù ú dáadáa títí tó fi máa fà, ẹ bò ó, ẹ gbé e síbi tí ó móoru. Ìwúkàrà ẹmu kì í yára bíi ti inú páálí. Nígbà oòrùn, ó lè gba wákàtí mẹ́ta. Nígbà ọyẹ́, ẹ pò ó lálẹ́, kí ẹ dín in láàárọ̀. Tó bá ti wú di ìlọ́po méjì, tí ojú rẹ̀ sì ń yọ ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó ti tó dín nìyẹn.

Ẹnì kan á ní, kí ló dé tí a ò fi ẹmu nìkan pò ó, kí a fi omi sílẹ̀? Ó lè wú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dídín kì í pẹ́ lórí iná, ọtí inú rẹ̀ ò ní ráyè jáde tán, ọmọdé sì lẹ ń ṣe é fún. Ìdajì ife tó fún ìwúkàrà. Tí ẹmu náà bá ti kan púpọ̀ tí kò sì hó mọ́, ẹ má wulẹ̀ fi pò ó. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ti rẹ̀.

ẸMU ÀNÁ: ADÌẸ TÓ TI GBÓ

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo wa la mọ adìẹ àgbà tó ti yé ẹyin títí tó fi ṣíwọ́. Ẹran rẹ̀ le, eyín ò ràn án. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ẹkùn tí wọ́n ti ń ṣe ọtí àjàrà, àkùkọ àgbà ni wọ́n máa ń se nínú ọtí pupa títí tó fi rọ̀. Wọ́n ń pè é ní coq au vin. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ ju iná pẹ̀lẹ́ àti sùúrù lọ, pẹ̀lú ohun kíkan díẹ̀ tó ń bá ẹran náà rọ̀. Ẹmu àná lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa.

Ẹ gé adìẹ àgbà kan. Ẹ gé àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta, ẹ gún ata ilẹ̀ àti ata díẹ̀, ẹ pa wọ́n pọ̀ mọ́ iyọ̀, ẹ fi ra ẹran náà. Ẹ da ìdajì lítà ẹmu àná lé e lórí nínú abọ́ oníkẹ́míkà tàbí ìkòkò amọ̀, ẹ dé e fún wákàtí kan. Kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ amómitutù. Ẹran tútù tó jókòó nínú ooru wa máa ń kó àrùn, ẹmu ò sì lè dá a dúró. Ẹ yọ ẹran, ẹ fi òróró díẹ̀ yan án títí ara rẹ̀ á fi pọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ pa pọ̀ mọ́ ìdajì lítà ẹmu mìíràn sórí rẹ̀, kó hó dáadáa, kí ẹ wá dín iná kù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Ẹ máa rò ó, ẹ má dé ìkòkò pa, kí ooru lè máa jáde. Bí ó bá ń gbẹ, ẹ fi omi sí i. Tó bá kan jù lẹ́nu yín, àlùbọ́sà ni kí ẹ fi kún un, ẹ má fi ṣúgà. Ẹ fi iyán gbè é. Ẹ ó rántí mi.

Ìkòkò amọ̀ ló dáa jù fún un. Ohun kíkan tó bá pẹ́ lórí iná nínú ìkòkò àlùmọ́níọ̀mù tí wọ́n fi ògbólógbòó irin rọ lè fa májèlé irin, títí kan òjé, jáde sínú ọbẹ̀. Ìsasùn àwọn ìyá wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìgò ọtí wáìnì pupa ṣẹ́kù sílé yín lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọ̀nà kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọtí inú ìyẹn lè ju ti ẹmu lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì wáìnì, ìdajì omi.

ṢÉ INÁ Ń JẸ ỌTÍ TÁN?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ mi, torí ara mi ni mo fi kọ́ ọ.

Lọ́dún tí a sìnkú ẹbí wa kan, èmi ni mo bójú tó oúnjẹ. Mo se adìẹ nínú ẹmu. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ná ọjà láti ìgbà èwe, Mùsùlùmí ni, ó wá bá wa kẹ́dùn. Mo bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́, ó yìn mí. Àwọn ọmọ tó ń bá mi dáná ló ń bá ara wọn sọ ọ́ pé ẹmu tí a dà sí i ló jẹ́ kó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó wò mí. Mo ní: "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú, iná ti jẹ ọtí rẹ̀ tán." Kò dá mi lóhùn. Ó fọwọ́, ó lọ sílé. Fún oṣù mẹ́fà, kò yà sí ìsọ̀ mi. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀, èmi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi.

Ohun tó dùn mí jù ni pé irọ́ ni mo pa fún un láìmọ̀. Iná kì í jẹ ọtí tán. Òótọ́ ni pé ọtí máa ń hó ṣáájú omi: ọtí ń hó ní ìwọ̀n ooru 78, omi ní 100. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi rò pé tí ìkòkò bá ti hó, ọtí ti lọ. Ṣùgbọ́n tí ọtí bá ti pò mọ́ omi, omi á dì í mú. Àwọn olùwádìí oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ti wọ̀n ọ́n. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí:

Bí ẹ bá da ọtí sínú ọbẹ̀ tó ń hó, tí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nínú ìdá 100 ọtí náà, ìdá 85 ṣì wà níbẹ̀.
Bí ó bá hó fún ìṣẹ́jú 15, ìdá 40 ṣì wà.
Ìdajì wákàtí, ìdá 35.
Wákàtí kan, ìdá 25.
Wákàtí méjì, ìdá 10.
Wákàtí méjì ààbọ̀, ìdá márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò adìẹ wa. Lítà kan ẹmu tó ní ìdá márùn-ún ọtí: ọtí inú rẹ̀ á tó síbí kékeré mẹ́wàá. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó kù bíi síbí kékeré kan nínú gbogbo ìkòkò. Fún àgbà tí ara rẹ̀ le, èyí ò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Nítorí náà, àwọn mẹ́rin yìí, ẹ má se é fún wọn:

Aláboyún. Kò sí ìwọ̀n ọtí tí àwọn oníṣègùn mọ̀ pé kò lè pa ọmọ inú lára.
Ọmọdé.
Ẹni tó ń lo oògùn kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ metronidazole, èyí tí wọ́n ń pè ní Flagyl, tí wọ́n máa ń fún wa fún inú rírun. Ìwé inú páálí rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹni tó ń lò ó má fi ẹnu kan ọtí. Ẹ bi nọ́ọ̀sì.
Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí, tàbí ẹni tó ti bá ọtí jà tó sì ti fi í sílẹ̀. Ẹ má fi òórùn rẹ̀ dán an wò.

Bí wọ́n bá jọ wà nínú ilé, ẹ se ìkòkò méjì, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ síta kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè: "Èyí ní ẹmu, èyí ò ní." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kò gba owó. Ohun tó lè tú ọ̀rẹ́ ogún ọdún ká ló sì ń dí lọ́nà.

ẸMU TÓ TI KAN: Ẹ JẸ́ KÓ DI ỌTÍ KÍKAN

Tí ẹmu bá ti kọjá mímu, tó ti kọjá ìse ẹran, ẹ má dà á nù. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ tàbí ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀. Ẹ jọ ẹmu náà lẹ́ẹ̀mejì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ẹ dà á sínú ìkòkò, kó má kún ju ìdajì lọ, torí afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ dé e, ẹ fi okùn so ó, kí eṣinṣin kéékèèké má ráyè wọlé. Ẹ gbé e sí igun ilé tí oòrùn kì í dé. Ẹ má gbé e kiri, ẹ má rò ó.

Ẹ má fi ìdérí dé e pa láé. Ẹmu tó ṣì ń hó nínú bidon tí a dé pa lè bú gbàmù, a ti rí i. Tí ẹ bá sì dé èyí tí kò hó mọ́ pa, kò ní rí afẹ́fẹ́, kò sì ní di ọtí kíkan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ lè rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lójú rẹ̀, tó ń yọ̀ bí ọ̀gbọ̀lọ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ìyá ọtí kíkan nìyẹn. Ẹ tọ́jú rẹ̀, òun lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn, á sì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ìhù tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé, tó sì ní irun lára, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ dà á nù pátápátá, ẹ fọ ìkòkò. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Tí òórùn ọtí bá ti lọ, tó ku òórùn kíkan tó ń ta imú, ó ti dé. Ẹ jọ ọ́, ẹ gbé e ka iná nínú ìkòkò oníkẹ́míkà títí èéfín rẹ̀ á fi máa rú díẹ̀, kó má hó. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kó kún dé ẹnu, ẹ dé e. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sí i lára.

Nígbà kajú, tí ẹ bá yọ kóró rẹ̀ tán tí èso pupa rẹ̀ ń jẹrà lábẹ́ igi, ọ̀nà kan náà ni omi èso yẹn lè gbà di ọtí kíkan. Ẹ rò ó wò.

Kí la máa fi ṣe? Ẹ gé tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tútù wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ẹ fi síbí ọtí kíkan méjì sí i, òróró díẹ̀ àti iyọ̀. Moyo nìyẹn, tí wọ́n fi ń jẹ ẹja díndín ní Porto-Novo àti Ouidah. Lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil la ti rí i. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ Potogí tó ń jẹ́ molho, ìyẹn ọbẹ̀. Ó bá dùǹdú iṣu Savalou lọ gidi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe wàrà sójà, omi ògì kíkan lẹ mọ̀ tí ẹ fi ń jẹ́ kó dì. Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá ní omi ògì, ẹ fi ọtí kíkan ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi sójà hó dáadáa, torí sójà tí kò jiná máa ń da inú rú. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Fún lítà kan, síbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta, ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rọra rò ó. Tí ẹ bá ti rí i tó ń ya sọ́tọ̀, tí omi rẹ̀ ń mọ́, ẹ dúró. Ẹ jọ ọ́, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọtí kíkan tó ti inú ẹmu wá tọ́ fún yín, ẹ bi àfáà yín. Èmi ò ní gba ipò wọn.

OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ FI ṢE

Ẹ má fi ọtí kíkan ilé rọ́pò omi mímọ́ tàbí Javel nígbà tí ẹ bá ń fọ ewébẹ̀ tútù. Kì í pa gbogbo kòkòrò. Ẹ má sì fi ṣe ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú sínú ìgò fún oṣù púpọ̀. A ò mọ bí tiwa ṣe kan tó, kì í ṣe bíi ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára.

Ẹ má fi ẹmu tàbí ọtí kíkan sínú bidon tí wọ́n fi ta oògùn òwú tàbí oògùn kòkòrò. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, oògùn ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1999 àti 2000, ní Borgou lápá òkè wa lọ́hùn-ún, oògùn òwú tó ń jẹ́ endosulfan pa ọ̀pọ̀ èèyàn, ọmọdé wà lára wọn. Ohun kíkan sì máa ń fa ohun tó lẹ̀ mọ́ ara ike jáde.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí n kò fi gbé e ka iná, kí n fi pọn sódábì?" Iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ nìyẹn, igi ìdáná rẹ̀ pọ̀, ẹmu tó bá sì ti kan tán, ọtí inú rẹ̀ ti lọ. Ọtí pípọn tún ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn kú, àwọn mìíràn fọ́jú, nígbà tí wọ́n mu ọtí tí májèlé methanol wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

ÌṢIRÒ ỌJÀ

Ìyá ẹlẹ́mu, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Iye tí mo máa pè yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní lítà márùn-ún ṣẹ́kù lọ́jọ́ ọjà kan, lítà kan jẹ́ 200 fránkì. 1,000 fránkì lẹ dà sẹ́yìn ilé. Ọjà mẹ́rin, 4,000 fránkì.

Ní báyìí, nínú lítà márùn-ún náà, ìdajì ife fún àkàrà: ẹ ò ra ìwúkàrà. Lítà kan fún adìẹ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà. Èyí tó kù, ọtí kíkan tó tó lítà mẹ́ta lé díẹ̀: ẹ ò ra ìgò vinaigre fún oṣù mélòó kan. Ẹ má tíì máa sáré tà á o. Ẹ kọ́kọ́ lò ó nílé lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ rí i pé ó ń rí bákan náà nígbà gbogbo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tí ẹ bá wá fẹ́ tà á, ẹ sọ fún oníbàárà pé ilé ni ẹ ti ṣe é, àti pé inú ẹmu ló ti wá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń mú oníbàárà padà.

IṢẸ́ FÚN ẸGBẸ́

Ẹ jíròrò mẹ́ta yìí kí ẹ tó tú ká:

Èkíní: Kí ni ẹ máa ń ṣe sí ẹmu tàbí ọtí bàbà tó bá ṣẹ́kù nílé yín? Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá àgbà kọ́kọ́ sọ tiwọn.
Èkejì: Ta ni nínú ilé yín tí ẹ kò gbọ́dọ̀ se oúnjẹ ẹlẹ́mu fún? Báwo ni ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àlejò láìdójú tì í?
Ẹ̀kẹta: Nínú àwọn ike àti bidon tó wà nílé yín, èwo lẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ yọ ọ́ kúrò nílé ìdáná lónìí.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ìkòkò ọtí kíkan kan, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ sọ fún wa bó ṣe rí, èyí tó dáa àti èyí tó hù. Èyí tó hù gan-an ni a máa fi kọ́gbọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, a ti parí ìjà. Tí mo bá gbé abọ́ síwájú rẹ̀ lónìí, ó ṣì máa ń wo ojú mi kó tó bu òkèlè, èmi náà á sì sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, títí dórí iyọ̀. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín.

Ó dàbọ̀ o. Kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ wa sí rere.